Gbogbo Ibà Kọ́ Ni Màláríà: Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, Lálúpọn. A gbé e síbí fún àwọn tí kò ráàyè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúpù ilé yín.

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ibà. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀ báyìí, ẹlòmíì ti ń sọ nínú ara ẹ̀ pé, "Kí ni ọmọ yìí fẹ́ sọ nípa ibà tí àwa ò mọ̀?" Òótọ́ ni. Kò sí ilé kan ní Lálúpọn tí ibà ò wọ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò kí ń ṣe dókítà, mi ò sì wá gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Ohun tí mo kà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ibà kọ́ ni màláríà, oògùn màláríà ò sì lè wo ibà tí kì í ṣe màláríà. Bí a bá di èyí mú, owó tí à ń ná lórí oògùn máa dín kù, ẹ̀mí tó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ náà á dín kù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe máa ń ṣe é. Ara ọmọ gbóná lálẹ́. Ìyá ẹ̀ fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó ní, "Ibà ti dé." Ilẹ̀ mọ́, wọ́n rán ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán an ò ju "ẹ fún wa ní oògùn ibà" lọ. Wọ́n á fún un ní oògùn màláríà, wọ́n á fi ampiclox tàbí tetracycline mọ́ ọn, wọ́n á fi paracetamol lé e, wọ́n á tún ní kó ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kẹta, ara ò tíì balẹ̀. Wọ́n á ní ibà yẹn ti wọ eegun, wọ́n á pààrọ̀ oògùn, tàbí kí wọ́n wá ẹni tó máa gún ọmọ lábẹ́rẹ́ nílé. Ó di ọjọ́ kẹfà kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ta ni nínú wa tí ò mọ irú ìtàn yìí? Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. Lẹ́nu wa, ara gbígbóná ni ibà, màláríà náà sì ni ibà. Nígbà tí orúkọ méjì bá ti di ọ̀kan, oògùn wọn náà á di ọ̀kan lójú wa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara gbígbóná dà bí ajá tó ń gbó lóru. Ajá yẹn kọ́ ni olè. Ó kàn ń sọ fún wa pé ẹnì kan ti wọ ọgbà ni. Ẹni tó wọlé gan-an, àfi ká tan iná wò ó.

Àwọn wo ló lè wọlé? Àkọ́kọ́ ni kòkòrò màláríà, tí ẹ̀fọn tó ń jẹni lóru ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀. Ìkejì ni bakitéríà, irú èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, tàbí èyí tó ń wọ ojú egbò àti ojú ara. Ìkẹta ni fáírọ́ọ̀sì, òun gan-an la tìtorí ẹ̀ jókòó lónìí. Ọ̀fìnkìn, ibà tó máa ń tẹ̀lé ikọ́ nígbà ọyẹ́, Kòrónà, èéyi tó ń yọ sára ọmọdé, ibà pọ́njú tí wọ́n ń pè ní yellow fever, dengue, ibà Lassa, Ebola: fáírọ́ọ̀sì ló ń fa gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ẹ bá rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí màláríà. Ara á gbóná, orí á fọ́ni, oríkèé á máa ro, oúnjẹ ò ní wọlé, ó lè máa bì.

Kí ló wá dé tí ampiclox ò fi ràn án? Fáírọ́ọ̀sì kéré ju bakitéríà lọ fíìfíì, kò sì lè dá gbé. Inú ẹ̀yà ara wa ló ń wọ̀, á wá máa fi ohun tó bá níbẹ̀ bí ara ẹ̀ sí i. Oògùn tó ń pa bakitéríà, ara bakitéríà fúnra ẹ̀ ló ń bà jẹ́: òmíì ń wó ògiri ara ẹ̀, òmíì ń dá iṣẹ́ inú ẹ̀ dúró. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ògiri yẹn, kò sì ní iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń lo tetracycline fún fáírọ́ọ̀sì dà bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ síbi tí kò sí ilẹ̀kùn.

Ara wa fúnra ẹ̀ ló ń bá ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì jà, ooru tí ẹ sì ń rí yẹn wà lára ohun ìjà ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn á lọ. Tẹ́ ẹ bá wá lo oògùn mẹ́rin lọ́jọ́ kẹrin, tí ara balẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, oògùn lẹ máa yìn, ara yín ló sì ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí bakitéríà gidi bá wá dé, oògùn tẹ́ ẹ ti ń lò nílòkulò yẹn lè má ràn án mọ́, torí pé bakitéríà ti mọ ọwọ́ ẹ̀.

Ẹlòmíì lè máa rò pé Kòrónà ló kó ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì wá. Rárá o. Ìlú Ìbàdàn tiwa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wádìí ẹ̀ dáadáa ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ilé àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì kan wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà ràn lọ́wọ́. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ń gbóná, wọ́n ń wá ohun tó wà nínú ẹ̀. Láàárín 1964 sí 1968, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì dengue nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Ní 1969, ibà kan tó ń jẹ́ chikungunya jà n'Ìbàdàn. Orúkọ yẹn wá láti èdè àwọn Makonde ní Tanzania, ó túmọ̀ sí ohun tó ń mú èèyàn tẹ̀ kòlòbà, torí bí oríkèé ṣe máa ń roni. Kódà, fáírọ́ọ̀sì kan wà lágbàáyé tó ń jẹ́ Igbo Ora, torí ará Ìgbó-Ọrà tiwa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wá rò ó wò. Tí nǹkan wọ̀nyí bá ti wà n'Ìbàdàn láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, mélòó nínú "ibà" tí àwọn ìyá wa àgbà tọ́jú ló jẹ́ màláríà lóòótọ́? Màláríà pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mi ò sọ pé kò pọ̀. Ó ń pa ọmọdé gan-an, ẹni tó bá sì ní in gbọ́dọ̀ tètè lo oògùn ẹ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká má máa méfò.

Méfò-méfò yẹn lè pa odindi ìlú. Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer wọ Èkó láti Liberia, ara ẹ̀ ń gbóná. Màláríà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é, ìtọ́jú màláríà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún un. Nígbà tí ara ò balẹ̀, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura, ó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Ebola, kò sì jẹ́ kó jáde ní ọsibítù bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Ebola ni lóòótọ́. Èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, Dókítà Adadevoh fúnra ẹ̀ sì wà nínú wọn. Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí Ebola ní Nàìjíríà mọ́. Ká ní wọ́n ti ní "màláríà tó wọ eegun ni", tí wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ, mi ò mọ iye wa tí ì bá kù l'Ékòó.

Èyí tó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ ni ibà Lassa. Lassa jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Borno. Ibẹ̀ ni àìsàn yìí ti mú nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwàásù ní 1969. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Ọdọọdún ló ń jà ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn èèyàn wa wà, wà lára ibi tó ti ń jà jù. Eku kan tí abo ẹ̀ ní ọmú púpọ̀ ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ eku yìí àti ìgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá oúnjẹ jẹ́. Èèyàn tún ń kó o láti ara ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara ẹni tó bá ti ní in. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́jọ ni kò ní í le lára wọn. Àwọn tó bá le lára wọn ni ẹ̀mí wọn máa ń wà nínú ewu. Ẹlòmíì á yè é, etí ẹ̀ á di. Oògùn wà tí wọ́n ń lò fún un ní ọsibítù, ribavirin ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ìgbà tí àìsàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ mẹ́fà gbé oògùn màláríà mì nílé ti fi àǹfààní yẹn ṣòfò. À kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo sọ pé ó sún mọ́ wa torí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àgbẹ̀ ni wá. À ń ṣe gàrí, à ń ṣe láfún, à ń ṣe èlùbọ́. Ẹ wo etí títì wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: láfún ló tẹ́ lọ rẹrẹ. Ilẹ̀ ṣú, ẹlòmíì ò kó o, eku á gba orí ẹ̀ kọjá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò ní kí ìyá kankan má sá láfún mọ́ o, oúnjẹ wa ni, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé ká sá a sórí tapólì tàbí orí pẹpẹ tó ga, ká kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ká sì rọ gàrí àti èlùbọ́ sínú ike tó ní ìdérí. Àpò lásán ò dá eku dúró. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ sì ń fi iná lé eku nínú oko, ẹ má fọwọ́ lásán kun eku, ẹ má sì jẹ èyí tẹ́ ẹ kàn bá tó ti kú.

Ó yá, kí la máa ṣe tí ara bá gbóná?

Àkọ́kọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àyẹ̀wò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní RDT. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún orí ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20 èsì á jáde. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní oògùn màláríà. Tó bá jẹ́ màláríà, ẹ lo oògùn ẹ̀ pé, ẹ má dá a dúró torí pé ara ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí kì í bá ṣe màláríà, ẹ má ra oògùn màláríà. Tí ibà ò bá sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ padà lọ yẹ ẹ́ wò, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sì wá ohun mìíì tó lè fà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ táífọ́ọ̀dù fún yín torí àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò yẹn máa ń ṣìnà.

Ìkejì, ìtọ́jú ilé. Ẹni tí fáírọ́ọ̀sì bá ń bá jà nílò ìsinmi, omi àti oúnjẹ. Omi ló ṣe pàtàkì jù. Ooru ara ń fa omi gbẹ, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń kó ìyókù lọ. Ẹ máa fún un ní omi, ògì tó ṣàn, ọbẹ̀ tó lómi. Ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, nígbà gbogbo. Ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ dá ọmú dúró. Tó bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, ẹ ra ORS ní kẹ́míìsì, kí ẹ fi iye omi tí wọ́n kọ sára ẹ̀ gan-an pò ó.

Fún ooru àti ara ríro, paracetamol tó. Àgbàlagbà lè lo horo méjì tó jẹ́ 500 mg, kó fi ó kéré tán wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sáàárín, kó má sì kọjá horo mẹ́jọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn ló ní paracetamol nínú. Tẹ́ ẹ bá lo méjèèjì pọ̀, ó ti pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló sì máa jìyà ẹ̀. Ti ọmọdé, bí ọmọ ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín, kí ẹ sì fi ìwọ̀n inú páálí ẹ̀ wọ̀n ọ́n. Síbí ìdáná kì í ṣe ìwọ̀n. Paracetamol tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ìkókó sábà máa ń le ju èyí tí wọ́n fi ń mu ní síbí lọ, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin tí ara ẹ̀ bá ń gbóná. Aspirin àti ibuprofen ò sì dáa fún ẹni tó lè jẹ́ pé dengue tàbí ibà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà ló ń ṣe é, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i.

Ẹ má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bo ọmọ tí ara ẹ̀ ń jó bí iná. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ fún un, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má jù ú sínú omi tútù, ẹ má sì fi ọtí pa á lára. Ẹ jẹ́ kó sùn sínú àpò ẹ̀fọn lọ́sàn-án àti lóru, torí ẹ̀fọn tó bá jẹ ẹni tó ní dengue lè gbé e lọ fún ẹlòmíì nínú ilé kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń retí kí n dárúkọ àgbo. Mi ò wá bá àgbo jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé àgbo ò lè sọ fún wa bóyá màláríà ni tàbí Lassa. Ọmọdé tí à ń da àgbo àti oògùn òyìnbó fún pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀ ń bá yí. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Tẹ́ ẹ bá sì dé ọsibítù, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti lò, ẹ má tijú.

Ọ̀rọ̀ gìrì ńkọ́? Tí ara ọmọ bá gbóná jù, gìrì lè mú un. Ó ń dẹ́rù bani, mo mọ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó gbogbo ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ má fi síbí há a lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú iná, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ní pàtàkì, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé májèlé ni àgbo yìí. Ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó mí dáadáa. Ọmọ tí gìrì lásán ì bá fi sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àgbo yẹn lè sọ ọ́ di òkú. Bí gìrì bá ti mú ọmọ, ọsibítù ló kàn, kódà kó ti dáwọ́ dúró.

Ìkẹta, ẹ mọ àmì tó ní ká má dúró mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ sára ògiri:

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara ẹ̀ gbóná.
Ẹni tí kò lè mu omi tàbí ọmú, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ.
Ẹni tó ń mí kíákíá tàbí tí àyà ẹ̀ ń wọlé tó bá ń mí.
Ẹni tí oorun ń gbé lọ ṣáá, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò já gaara mọ́, tàbí tí gìrì mú.
Ẹni tí ọrùn ẹ̀ gan.
Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní imú, eyín, èébì tàbí ìgbẹ́ ẹ̀.
Ẹni tí ojú ẹ̀ pọ́n bí epo, tàbí tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú tàbí tí kò tọ̀ mọ́.
Ẹni tí inú ń run gan-an, pàápàá nígbà tí ooru ara ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Dengue máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ara á balẹ̀, ewu á wá bẹ̀rẹ̀.
Aboyún èyíkéyìí tí ara ẹ̀ bá ń gbóná.
Ẹnikẹ́ni tí ibà ẹ̀ bá wọ ọjọ́ kẹta láìlọ.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Láti Lálúpọn dé UCH, ọ̀nà wà, ọkọ̀ sì lè má tètè yọ lóru. Ẹ má dúró di òru kẹ́ ẹ tó gbéra. Tẹ́ ẹ bá fura sí Lassa, ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn, lórí 6232. Ọ̀fẹ́ ni ìpè yẹn. Ẹni tó bá ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má fọwọ́ lásán gbá èébì tàbí ẹ̀jẹ̀. Tó bá sì kú, ẹ má wẹ̀ ẹ́ nílé.

Èyí tó sàn ju gbogbo ìtọ́jú lọ ni kó má wọlé rárá. Ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi àti ti ibà pọ́njú, kẹ́ ẹ sì tún padà lọ gba ti èéyi ní oṣù 15. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rù pé òyìnbó kó nǹkan sínú abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti wá fún yín. Ní 1927, ibà yìí mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gánà. Ó yè é. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n sọ di aláìlágbára ní 1937, òun náà ni à ń gún títí dòní. Ará Áfíríkà bíi tiwa ló ti ara ẹ̀ jáde.

Ẹ̀fọn tó ń gbé dengue, chikungunya àti ibà pọ́njú, ojúmọmọ ló ń jẹni, inú omi mímọ́ tó dúró sójú kan ló sì ń yé sí: dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí, táyà àlòkù, agolo, ìkòkò tó fọ́. Ẹ dé omi yín. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ da èyí tó wà nínú táyà àti agolo nù.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta kí n tó jókòó.

Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀yin lẹ ń fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n bá pè yín pé ibà ń ṣe Màmá. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kó tán lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fi owó oògùn ránṣẹ́, ẹ béèrè pé, "Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Kí ni èsì ẹ̀? Ọjọ́ kélòó rèé?" Tí wọn ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, owó àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́míìsì láàárín wa. A ò pè yín lọ́tàá. Ẹ̀yin la kọ́kọ́ ń sáré wá bá lóru. Ẹ jẹ́ ká jókòó pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa fi àyẹ̀wò RDT ṣáájú oògùn. Ẹ ò ní í pàdánù oníbàárà. Ẹni tí ara ẹ̀ bá yá lọ́dọ̀ yín ló máa padà wá.

Ẹ̀bẹ̀ kẹta, ẹgbẹ́ wa gan-an la fẹ́ gbé e fún. A bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi nǹkan méjì sínú ètò ìnáwó tó ń bọ̀: tẹmómítà àti àyẹ̀wò RDT tí a óò gbé fún ilé ìwòsàn wa, àti pẹpẹ sìmẹ́ǹtì tí àwọn ìyá wa á máa sá láfún sí. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ò ní owó, ṣùgbọ́n a ní apá. Àwa la máa po sìmẹ́ǹtì ẹ̀, àwa la sì máa kó táyà àti agolo tó wà káàkiri ìlú. Kẹ́ ẹ kàn dá ọjọ́ fún wa ni.

 Ibà ò ní í di àìsàn ńlá sí wa lára. Ara á máa le o.